Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ ò dúró, tí oúnjẹ ń há lọ́fun: níbo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Àdùkẹ́ Òṣogbo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ wàyí.

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta. A ò tíì kó o jáde tí ojú rẹ̀ fi pọ́n, tí àtẹ́lẹsẹ̀ náà sì pọ́n. Wọ́n ní ká máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, a gbé e sí i. Nígbà tá a máa fi dé ọsibítù ńlá tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ibà pọ́njú náà ti kan ọpọlọ. Cerebral palsy ni dókítà pè é, ìyẹn ni pé ọpọlọ tó ṣèṣe ò lè darí ara bó ṣe yẹ.

Ní báyìí, ọrùn rẹ̀ ò dúró, kò lè dá jókòó, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ tó bá fẹ́ mú nǹkan, nígbà mìíràn á na gbogbo ara sẹ́yìn, á tẹ̀ bí ọrun. Ó ń lo oògùn wárápá. Èyí tó ń dá mi lágara jù ni oúnjẹ. Àárọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ ògì, oòrùn á ti mú kó tó tán, tòun ti ikọ́ àti omijé. Àyà rẹ̀ kì í pẹ́ dí: a á ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn kan tán, òmíràn á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa rọ ọ́, pé bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ nìyẹn tí wọ́n fi ń sanra. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ká gbé e lọ sórí òkè. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ má kàn sọ pé Ọlọ́run á ṣe é o. Mo ti ṣe àmín ìyẹn sílẹ̀.

Ìyá Arẹwà, Abẹ́òkúta

Àdùkẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Àmín àṣesílẹ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Tèmi ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ibà pọ́njú náà ni.

Ẹ má rọ ọmọ yẹn. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, orí á dorí kodò díẹ̀, wọ́n á ká àtẹ́lẹwọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n á da ògì sí i, wọ́n á fún un nímú. Ọmọ ò ní rí èémí mí àfi tó bá gbé e mì. Ọmọ tí gbogbo ara rẹ̀ pé pàápàá lè ti ibẹ̀ lọ. Ti àwa yìí, iṣan tó yẹ kó pa ọ̀nà èémí dé nígbà tí oúnjẹ bá ń kọjá kì í tètè dá a lóhùn. Ògì tí Màmá rò pé ó ń lọ síkùn, ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà á. Ikọ́ àti àyà dídí tí kì í tán yẹn, ibẹ̀ ni mo fura sí kí n tó fura sí òtútù. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run làwọn àgbà wí, ọ̀rọ̀ náà bá ọmọ tiwa mu gẹ́lẹ́. Tí Màmá bá ń bínú, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, kó fetí ara rẹ̀ gbọ́. Àwọn ìyá àgbà kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyàwó ilé, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbà á lẹ́nu ẹni tó wọ ẹ̀wù funfun.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Kì í ṣe orí itan, orí àga ni. Ìdí rẹ̀ á wọnú àga dáadáa, orúnkún á ká, ẹsẹ̀ méjèèjì á tẹ nǹkan, kò ní máa fì. Orí á wà láàárín, àgbọ̀n á tẹ̀ wá síwájú díẹ̀. Orí tó bá ti gbé sẹ́yìn, ọ̀nà èémí ti ṣí sílẹ̀ fún oúnjẹ nìyẹn. Èmi náà á jókòó níwájú rẹ̀, kí ojú wa ṣe déédéé. Ẹni tó bá dúró lé ọmọ lórí ń fún un lóúnjẹ, ńṣe lọmọ á máa gbójú sókè wò ó, ọrùn á sì yọ síta. Síbí pẹlẹbẹ tí kò jinú ni kẹ́ ẹ lò, èyí tí kò ní gé e létè tó bá gé e mọ́ eyín. Ẹ gbé e sí àárín ahọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ dúró kí ètè rẹ̀ pàdé, kẹ́ ẹ tó fà á jáde. Ẹ má nu oúnjẹ mọ́ eyín òkè. Ẹ wo ọ̀fun rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lọ sókè kó sì padà wálẹ̀, kẹ́ ẹ tó bu síbí kejì.

Omi lásán ló le jù fún un, torí ó ń yára ju ọ̀fun rẹ̀ lọ. Ògì tó ki, iṣu tá a gún tó rọ̀, àmàlà tó rọ̀, ẹ̀wà tá a bó èèpo ẹ̀ tá a lọ̀, ìwọ̀nyẹn ló ń wọlé. Èyí tó lómi tó tún ní horo nínú ni kẹ́ ẹ sá fún: gààrí rírẹ, ọbẹ̀ olómi tí ẹran wà nínú ẹ̀, kọnfíléèkì. Ọ̀fun rẹ̀ ò ní mọ èwo ni kó kọ́kọ́ mú. Tó bá jẹun tán, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Kó wà ní ìjókòó tó ìdajì wákàtí.

Ẹ tún wo ògì yẹn fúnra rẹ̀. Omi ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ọmọ tí kì í lè jẹ púpọ̀, díẹ̀ tó bá jẹ gbọ́dọ̀ lágbára. Ẹ̀pà lílọ̀, ẹyin, mílíìkì ìyẹ̀fun, epo pupa síbí kan, edé tàbí ẹja gbígbẹ tá a lọ̀ kúnná. Ẹ máa fún un ní kékeré, léraléra, dípò àwo ńlá lẹ́ẹ̀kan.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ìyá Arẹwà ti ṣe iṣẹ́ mi tán. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọmọ mìíràn wà tí kì í kọ́ rárá tí oúnjẹ bá ṣìnà. Ẹ fetí sí ohùn rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Tó bá ń dún bíi pé itọ́ kún un lọ́fun, tí ojú ń ṣomi, tí ara ń gbóná gbóná tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tí kò sí ibà, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ fura pé oúnjẹ ń wọ àyà rẹ̀. Ẹ lo ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Tẹ́ ẹ bá ní "ó ń kọ́" lásán, oògùn ikọ́ ni wọ́n máa kọ fún yín.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé e dání gun òṣùwọ̀n, kẹ́ ẹ sì yọ ti ara yín kúrò. Tí kò bá sanra fún oṣù mélòó kan, tàbí tí oúnjẹ kan ń gbà ju ìdajì wákàtí lọ nígbà gbogbo, ó ti ń ná gbogbo agbára tó rí jẹ sórí jíjẹ ẹ́. Àsìkò tó láti bi wọ́n léèrè nípa tíúbù tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ lọ síkùn nìyẹn.

Ó ku wárápá. Tó bá mú un, ẹ dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́, kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ tú ọrùn aṣọ rẹ̀, ẹ kó nǹkan líle kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ má fi síbí sí i lẹ́nu, ẹ ò ní rí ahọ́n tó gbé mì, eyín ni ẹ máa kán. Ẹ má bu omi lù ú, ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná, ẹ má ha àlùbọ́sà sí i lójú. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó ń mú un léraléra tí kò jí láàárín, ẹ gbéra lọ sí ọsibítù. Kí ẹlòmíràn nínú ilé ká a sórí fóònù. Fídíò yẹn wúlò fún dókítà ju ìtàn ẹnu lọ.

Ẹ má jẹ́ kí oògùn rẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó ra òmíràn. Oògùn wárápá tí a dédé dá dúró lè mú èyí tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ wá. Ẹ yẹ nọ́ńbà NAFDAC wò, kẹ́ ẹ máa rà á lọ́wọ́ ẹni kan náà tẹ́ ẹ bá lè ṣe é.

Olùdámọ̀ràn Ìjẹ̀bú

Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Àgbo gìrì tí àwọn ìyá wa lò ńkọ́, èyí tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù sè? Wọ́n fi tọ́ àwa náà.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Mo ti rí ọmọ tí gìrì ò pa tí àgbo yẹn pa. Ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, efinrin àti àwọn nǹkan mìíràn. Ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó ń dín èémí kù, ó tún ń fa gìrì sórí gìrì. Láti àwọn ọdún 1970 làwọn dókítà ti ń kọ̀wé nípa ẹ̀ ní Ìbàdàn níbí. Ọmọ tí kò lè gbé omi mì, ẹ tún fẹ́ da ìyẹn sí i lẹ́nu nígbà tí kò mọ ara rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.

Físíò Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdùkẹ́, àpèjúwe yín yé mi. Ibà pọ́njú sábà máa ń ba apá kan nínú ọpọlọ tó ń darí bí ara ṣe ń rìn, kì í sábà ba apá tó ń ronú. Ìyẹn ló fà á tí ara fi ń lọ́, tó ń le tó tún ń rọ̀ lójú ẹsẹ̀ kan náà. Ọmọ yín lè gbọ́n ju bí ara rẹ̀ ṣe ń fi hàn lọ.

Ara tó ń tẹ̀ sẹ́yìn yẹn, tí ojú rẹ̀ bá ṣì ń wò yín, tó mọ̀ yín, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ wárápá. Ẹ fi fóònù yín ká fídíò rẹ̀, ẹ fi han dókítà kó yà wọ́n sọ́tọ̀, torí oògùn wọn yàtọ̀. Nígbà tó bá ń ṣe é, ẹ má ti orí rẹ̀ síwájú. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń ti orí ni yóò máa tì yín padà. Ẹ ká orúnkún rẹ̀ wá síkùn, ẹ kó apá méjèèjì wá síwájú láti èjìká, ẹ gbé e mọ́ra bẹ́ẹ̀, ẹ dákẹ́ ariwo. Ara á dẹ̀. Ebi, ìgbẹ́ tó há, pámpásì tó ti kún, eyín tó ń dùn ún, gbogbo wọn ló ń mú ara le. Ẹ kọ́kọ́ yẹ wọ́n wò.

Ẹ lè máa pọ̀n ọ́n. Pípọ̀n tó la itan méjèèjì sọ́tọ̀ dáa fún ìbàdí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ra. Kẹ́ ẹ fi ọ̀já gbá orí rẹ̀ mú ni, nígbà tí ọrùn ò dúró. Ṣùgbọ́n fífà ẹsẹ̀ àti apá lẹ́yìn ìwẹ̀, jíjù sókè, fífi omi gbóná jó oríkèé, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Fífà tó yá máa ń mú iṣan le sí i. Egungun ọmọ tí kì í dìde dúró, tó tún ń lo oògùn wárápá, sì lè ṣẹ́ wẹ́rẹ́. Ìbàdí náà máa ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìdùn ún, ẹ bi dókítà yín ìgbà tó yẹ kí wọ́n yà á ní X-ray.

Ohun tí mo máa ń bá àwọn ìyá jà lé lórí ni pé wọ́n máa ń bi mí pé ìgbà wo ló máa rìn. Mo ní ká kọ́kọ́ jókòó ná. Ìjókòó tó dúró ló ń jẹ́ kó jẹun láìkọ́, kó mí dáadáa, kó rí ojú ènìyàn, kó lo ọwọ́. Ọmọ tó wà nílẹ̀ ní ẹ̀yìn láti àárọ̀ dalẹ́, òrùlé nìkan ló ń wò. Ẹ wá àga kẹ́ ẹ tó wá ohunkóhun. Kò pọn dandan kó jẹ́ èyí tó ti òkè òkun wá. Ní Zimbabwe, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Bevill Packer kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń lẹ páálí mọ́ páálí títí tó fi máa le bíi pákó, tí wọ́n ń fi í ṣe àga ọmọ. A ti ṣe é níbí náà, ó ń gbé ọmọ. Òjò nìkan ni ọ̀tá ẹ̀.

Bàbá Ìfẹ́, Àkúrẹ́

Èmi ò ní gígùn ọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń kà á láìsọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ máa ṣe òru. Ìyàwó mi ń ṣe ọ̀sán, èmi ń ṣe òru títí di aago mẹ́ta. Ìgbà tá a bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìjà ilé wa dínkù. Ọmọ yẹn ń wúwo lọ́dọọdún, ẹ̀yìn obìnrin kan ò lè gbé e títí ayé.

Ti orí òkè: ilé Ọlọ́run ni mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, alàgbà ni mí. Ẹ gba àdúrà bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́. Wòlíì tó bá ní kẹ́ ẹ dá oògùn dúró, tàbí kí ọmọ bá yín gbààwẹ̀, ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ gbé ọmọ yín máa lọ. Ẹni tó bá sì ní àjẹ́ ìdílé ló wà nídìí ẹ̀, ẹ bi í pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ mélòó ló ti yẹ̀ wò. Ohun kan máa ń yà mí lẹ́nu. Láyé àwọn baba wa, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe arọ àti abuké, wọ́n ní Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, èèwọ̀ ni kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa tá a ní ojú wa là la wá ń ti ọmọ mọ́ yàrá nígbà tí àlejò bá dé.

Pámpásì: ẹ dá èsúsú nítorí ẹ̀ nìkan, kẹ́ ẹ ra páálí lódindi. Lálẹ́ nìkan la ń lò ó, aṣọ la ń lò lọ́sàn-án.

Àdùkẹ́ Òṣogbo

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ Bàbá Ìfẹ́ fún ọkọ mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè méjì. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò nígbà tó wà ní kékeré, ẹ̀rọ ní ó dára. Ṣùgbọ́n tá a bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í sábà yíjú. Ìkejì, mo lóyún, oṣù karùn-ún rèé. Àyà mi ń já.

Tíṣà Yábàá

Àǹtí Àdùkẹ́, ìbéèrè etí yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Oríṣi àyẹ̀wò méjì ló wà. Èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe ń wò bóyá etí inú fúnra rẹ̀ ń dáhùn ìró. Ibà pọ́njú kì í sábà ba ibẹ̀ jẹ́, iṣan tó ń gbé ìró láti etí lọ sí ọpọlọ ló máa ń bà jẹ́. Torí náà ọmọ lè yege àkọ́kọ́ kó má sì gbọ́ ọ̀rọ̀ yékéyéké. Ẹ béèrè fún èyí tí wọ́n ń pè ní ABR, tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ orí nígbà tí ọmọ bá sùn. Àwọn ọsibítù ìkẹ́kọ̀ọ́ bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Lágọ̀ọ́ àti OAUTHC ní Ifẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ bèèrè.

Ọ̀rọ̀ sísọ: ẹ má dúró dìgbà tó bá máa fẹnu sọ̀rọ̀. Ẹ mú nǹkan méjì, ife àti bọ́ọ̀lù, ẹ gbé ọ̀kan sí apá ọ̀tún, ọ̀kan sí apá òsì, kí wọ́n jìnnà síra. Ẹ bi í léèrè èwo ló fẹ́. Ẹ dákẹ́. Ẹ dákẹ́ pẹ́, torí ó máa pẹ́ kí ara tó gbọ́ ohun tí ọpọlọ sọ. Ibi tí ojú rẹ̀ bá lọ tó dúró sí, ẹ fún un ní ìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin rò pé òmíràn ló yẹ kó mú. Ẹ má gbé wọn sí òkè àti ìsàlẹ̀ o. Àwọn ọmọ ibà pọ́njú máa ń ní ìṣòro láti gbé ojú sókè, àwọn tíṣà tí kò mọ̀ á sì ní ọmọ ò mọ nǹkan kan. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan báyìí, ojú ọ̀tún ni bẹ́ẹ̀ ni, ojú òsì ni rárá. Tẹ́ ẹ bá fún un ní ẹ̀bà dípò iyán, ẹ máa rí òsì yẹn dáadáa.

Ti ilé ẹ̀kọ́ àti òfin: òfin tó dènà ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara ní gbogbo Nàìjíríà, Buhari tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ girama. Ilé iṣẹ́ tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lè san mílíọ̀nù kan náírà owó ìtanràn, ènìyàn lásán ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà. Lágọ̀ọ́ ti ní tirẹ̀ láti ọdún 2011, ọ́fíìsì tó ń bójú tó o ni LASODA. Mi ò sọ pé ẹ gbé ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù. Ẹ tẹ òfin náà jáde, ẹ mú un dání lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ní kò sí àyè. Ohùn wọn máa ń yí padà. Ní Lágọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba Modupe Cole ní Àkọkà wà fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò pọ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Benola náà ń ṣiṣẹ́ lórí cerebral palsy gan-an. Fún yín ní Òṣogbo, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwùjọ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Àdùkẹ́, ẹ kú ewu oyún. Ẹ fọkàn balẹ̀, ti èkejì ṣeé ṣọ́. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ bí i sí, kẹ́ ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé èyí ṣáájú ní ibà pọ́njú tó le, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n mọ irú ẹ̀jẹ̀ tiyín àti ti ọmọ, kí wọ́n sì yẹ G6PD wò, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Láàárín wa, àwọn ọmọkùnrin tí G6PD wọn kéré pọ̀ gan-an, púpọ̀ nínú wọn ò sì mọ̀ títí nǹkan á fi fa ibà pọ́njú fún wọn. Káńfọ̀ tá a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ wà lára nǹkan tó ń fa á. Aṣọ tẹ́ ẹ ti kó pamọ́ láti ọjọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sí oòrùn dáadáa, kẹ́ ẹ sì kó káńfọ̀ jáde ní gbogbo ilé.

Ojú tó bá pọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ gan-an, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kò sí ìmọ̀ràn. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa tẹ awọ iwájú orí àti imú rẹ̀ lójú oòrùn, kẹ́ ẹ wo àwọ̀ tó kù nígbà tẹ́ ẹ bá gbé ìka kúrò. Tó bá ti dé ẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ó ti pọ̀. Omi gúlúkóòsì ò ṣe nǹkan fún un, ọmú ni kẹ́ ẹ máa fún un. Oòrùn àárọ̀ tí wọ́n sọ fún yín yẹn kò lè rọ́pò iná aláwọ̀ búlúù ti ọsibítù. Àkókò tó máa ń jẹ mọ́ wa lọ́wọ́ ló burú nínú ẹ̀.

Ẹ̀gbá ní Peckham

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìtọ́jú. Ọmọbìnrin mi ní tíúbù níkùn láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Nígbà tí mo sọ fún ìdílé wa ní Abẹ́òkúta, wọ́n sunkún bíi pé wọ́n ti gbé e sin. Ẹ jọ̀ọ́, tíúbù kì í ṣe ìparí ọ̀rọ̀. Oògùn rẹ̀ ń gba ibẹ̀, omi tó tó ara rẹ̀ ń gba ibẹ̀, ìyókù ọjọ́ la fi ń ṣeré. Ó ṣì ń tọ́ mọ́ín-mọ́ín wò ní etí síbí torí ó fẹ́ràn ẹ̀, àwọn tó ń rí sí ọ̀fun rẹ̀ ló sọ iye tí kò ní pa á lára. Nílé ní Nàìjíríà, tíúbù imú ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi sí i. Kẹ́ ẹ tó kúrò ní ọsibítù, ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó wà níkùn kẹ́ ẹ tó fi ohunkóhun gba inú ẹ̀. Kí ẹ̀yin fúnra yín ṣe é lójú wọn.

Fún àwọn tó wà ní England bíi tèmi: ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún, DLA, owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún ọmọ aláàbọ̀ ara, lẹ máa béèrè. EHCP ni ìwé tó ń so ilé ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú pọ̀, ẹ̀yin òbí lè fúnra yín kọ̀wé sí káńsù fún un, ẹ má dúró de tíṣà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọ "no recourse to public funds" sórí físà yín, ẹ má fọwọ́ kan DLA láì bá lọ́yà tàbí Citizens Advice sọ̀rọ̀, torí owó ìjọba tí físà yẹn kà léèwọ̀ ni. EHCP kò sí nínú ẹ̀. Mo rí àwọn ará wa tó ń fi ọmọ pamọ́ sílé nítorí físà, tí wọ́n ń sá fún ilé ẹ̀kọ́ pàápàá. Kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ohun kan tún wà: kẹ̀kẹ́ àwọn aláìlèrìn tá a ń dì sínú kọ̀nténà ránṣẹ́ sílé. Kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà fún ọmọ ọdún mẹ́ta burú ju ilẹ̀ lásán lọ, ńṣe ló máa rì sínú ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á wọ́. Ẹ béèrè ìwọ̀n kẹ́ ẹ tó rán an.

Ìyá Ìbejì, Iléṣà

Ti ìwọ̀n yẹn gan-an ni mo fẹ́ béèrè. Mo ní káfíńtà nítòsí, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó máa kàn. Kí ni mo máa sọ fún un?

Káfíńtà Múṣin

Mọ́mì, èmi rèé. Mo ti kàn án fún àwọn físíò, àwọn ni wọ́n kọ́ mi. Ẹ má wọn ọmọ nígbà tó bá dùbúlẹ̀, ẹ gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí ẹnì kan dì í mú.

Ẹ wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn ìdí dé ẹ̀yìn orúnkún, kẹ́ ẹ yọ ìka méjì kúrò nínú ẹ̀. Ìyẹn ni bí ìjókòó ṣe máa jìn tó. Tó bá jìn jù, ńṣe ni yóò máa yọ̀ síwájú. Láti ẹ̀yìn orúnkún dé gìgísẹ̀ ni pákó tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ máa fi jìnnà sí ìjókòó. Ẹ wọn ìbú ìbàdí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìka kan kan kún un lọ́tùn-ún lósì. Tí ọrùn ò bá dúró, ẹ̀yìn àga gbọ́dọ̀ ga kọjá orí, kẹ́ ẹ fi fóòmù ṣe ìgbátí méjì sí ẹ̀gbẹ́ orí, kí wọ́n má bo etí.

Okùn tó máa dì í mú, orí ìbàdí ni kó gbà, kó fà wálẹ̀ sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá dì í síkùn, ó máa yọ̀ lábẹ́ ẹ̀, okùn á wá dé ọrùn. Bulọ́ọ̀kù kékeré máa wà láàárín orúnkún kí ẹsẹ̀ má baà lọ́ mọ́ra. Àárín orúnkún ni mo wí o, kì í ṣe ojú abẹ́. Tábìlì iwájú á ṣe déédéé ìgúnpá rẹ̀. Awọ rẹ́síìnì ni kẹ́ ẹ fi bo fóòmù, torí oúnjẹ àti itọ́ máa dà sí i lójoojúmọ́.

Plywood tó nípọn ni kó lò, kí ẹsẹ̀ àga gbòòrò ju òkè lọ, torí ọmọ tó bá na ara sẹ́yìn lè gbé àga dojú dé. Kó lu ihò bíi mẹ́rin sórí igi tó gbé pákó ẹsẹ̀ láti ìsinsìnyí. Tó bá ga sí i, bóòtù nìkan lẹ máa tú tẹ́ ẹ máa sún un wálẹ̀, ẹ ò ní san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ kó tó kun ún.